Irin Abẹ́ Òṣùwọ̀n

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi wọn kòkó ní Bólorúndúró,
tí mi ò bá Ọlọ́run dúró lọ́jọ́ kan.
Mo so irin kan mọ́ abẹ́ òṣùwọ̀n mi,
irin kékeré, kò ju ọmọ ìka ọwọ́ lọ,
ṣùgbọ́n ó ń jẹun ju àgbà mẹ́ta lọ:
kílò mẹ́rin lórí àpò kọ̀ọ̀kan.
Àwọn àgbẹ̀ á gbé àpò dé,
wọ́n á ní, “Akínṣelé, kòkó yìí mà fúyẹ́ lọ́dún yìí.”
Èmi á ní, “Òjò ni. Òjò ló bà á jẹ́.”
Òjò ò lẹ́nu, kò lè jiyàn.

Mo ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nígbà náà o.
Ẹ má rò pé kèfèrí ni mí.
Àga kan wà níbẹ̀ tó ti mọ ìdí mi,
mo ra jẹnẹrétọ̀, mo ń sanwó ìkórè,
orúkọ mi wà lára ògiri, lábẹ́ fèrèsé tuntun.
Bí pásítọ̀ bá kí mi láti orí pẹpẹ,
èmi á mi orí bí alángbá.

Ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, kò sí ìwàásù.
Kò sí ìmọ́lẹ̀ láti ọ̀run,
ẹnikẹ́ni ò pè mí lórúkọ lẹ́ẹ̀mejì.
Ìyá Adétúlà ló gbé ìlàjì àpò sọ̀ kalẹ̀,
ó fi etí gèlè nu ojú.
Mo wọ̀n ọ́n, mo pe iye rẹ̀.
Màmá rẹ́rìn-ín.
“Ó dáa, ọmọ mi. Á jẹ́ pé orí mi ló ń parọ́.
Láti oko ló ti ń sọ fún mi pé ó wúwo.”

Gbólóhùn yẹn bá mi délé.
Ó jókòó tì mí nídìí iyán,
ó sùn sí àárín èmi àti Tẹniọlá.
Ní aago mẹ́ta òru, mo mú tọ́ọ̀ṣì, mo lọ sí ìsọ̀,
mo dọ̀bálẹ̀ kí n lè rí abẹ́ òṣùwọ̀n.
Àfi bí ẹni ń kí irin náà!
Bẹ́ẹ̀ náà sì ni: ọba tí mo ti ń sìn láti ọjọ́ yìí
ló rọ̀ síbẹ̀, tó dípẹtà.
Mo ní, “Jésù, gbé mi wọ̀n.”
Ó gbé mi wọ̀n.
Mo fúyẹ́ ju èèpo kòkó lọ.
Ó ní òun á rà mí bẹ́ẹ̀,
iye tí òun ti san kò ní yẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kejì wọ́n rì mí bọ omi ní odò Owénà.
Omi tutù wọ mí létí,
àwọn ọmọdé ń wòran lórí afárá, ọ̀kan ń jẹ àgbàdo.
Bí mo ṣe yọrí, ìjọ hó pé, “Ẹ̀dá tuntun!”
Tẹniọlá, tó mú aṣọ ìnura dání, bi mí jẹ́jẹ́:
“Irin náà ńkọ́? Ṣé òun náà ti ṣèrìbọmi?”

Mo ta ọkọ̀ akẹ́rù. Mo kó ìwé ìṣirò,
mo ń ti abà bọ́ sí abà:
“Kílò mẹ́rin lọ́nà ogójì, bàbá, owó yín rè é.”
Ẹlòmíràn súre fún mi.
Akínrẹ̀mí gbá mi létí,
ó gba owó rẹ̀, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì,
ó ní kí n má ṣe lọ kí òun tó kà á tán.
Mo ní kí wọ́n ha orúkọ mi kúrò lára ògiri;
ìgbìmọ̀ ìjọ ṣì ń ṣèpàdé lé e lórí.
Títí di òní, kí n tó wọn kòkó ẹnikẹ́ni,
mo máa ń bẹ̀rẹ̀, mo máa ń fọwọ́ pa abẹ́ òṣùwọ̀n,
kì í ṣe nítorí irin.
Nítorí ọwọ́ náà ni.

Ìyá Adétúlà ti kú kí n tó débẹ̀,
nínú oṣù Ẹrẹ́nà.
Ọmọ rẹ̀ gba owó, ó fi ojú oórì hàn mí lẹ́yìnkùlé,
ó padà lọ dá iná oúnjẹ.
Ó ku èmi nìkan. Mo bọ́ fìlà.
“Màmá,” mo ní,
“orí yín ò parọ́.”